Àkọlé Orin Nínú LilyPond

Ibi méjì ni iṣẹ́ àkọlé pín sí nínú LilyPond, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún títẹ ìwé orin tí Han-Wen Nienhuys àti Jan Nieuwenhuizen, ará Netherlands, bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Inú \header ni a ti ń sọ ohun tí yóò hàn. Inú \paper ni a ti ń sọ ibi tí yóò dúró àti bí yóò ṣe tóbi tó.

Nínú \header, title ni orúkọ orin, composer ni ẹni tó ṣe ohùn rẹ̀, poet ni ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, arranger sì ni ẹni tó tún un tò. Bí a bá kàn kọ wọ́n síbẹ̀ tí a ò ṣe nǹkan mìíràn, LilyPond yóò kọ orúkọ orin gàdàgbà sí àárín, yóò fi ọlọ́rọ̀ sí apá òsì, yóò sì fi olóhùn sí apá ọ̀tún. Ètò yìí yẹ ọ̀pọ̀ orin, kò sì sí ìdí tí a ó fi sáré tú u. Ohun tí a bá kọ sí instrument tún máa ń jáde lókè àwọn ojú ìwé yòókù, àǹfààní ńlá nígbà tí ìwé afọnfèrè àti ti atẹdùùrù bá dà pọ̀ mọ́ra.

Ẹni tó bá fẹ́ ètò tirẹ̀ yóò kọ bookTitleMarkup tuntun sínú \paper. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń dùn. \column ń to ìlà léra. \fill-line ń tẹ́ ohun inú ìlà kan láti etí ìwé dé etí kejì. Bí nǹkan inú \fill-line bá jẹ́ ẹyọ kan, àárín ló ń bọ́ sí. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, wọ́n á gba etí méjèèjì. Nítorí náà, láti gbé àkọlé sí apá òsì, a ó kọ ọ́, a ó sì fi "" tẹ̀lé e: òfìfo lásán ni, ṣùgbọ́n òun ló gba apá ọ̀tún. A kì í tẹ orúkọ orin gan-an síbẹ̀. \fromproperty #'header:title ni yóò lọ mú un wá, kí ètò kan ṣoṣo lè sin gbogbo orin ẹgbẹ́ akọrin.

Ní ti ìwọ̀n, \fontsize #6 ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì, ó sì sábà máa ń pọ̀ jù. Àyè tó tó láàárín àkọlé àti ìlà orin àkọ́kọ́, èyí tí markup-system-spacing ń darí, ń buyì kún ìwé ju lẹ́tà ràbàtà lọ.

Àkọlé Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀. UTF-8 ni a gbọ́dọ̀ fi pa fáìlì mọ́. Unicode kò sì ní àmì ẹyọ kan fún ọ́ tàbí ẹ̀. Àmì ohùn ni a ń gbé lé lẹ́tà tó ti ní àmì nísàlẹ̀. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ èyí, àmì á ṣí kúrò lórí lẹ́tà, àṣìṣe tó fara pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ orin wíwẹ́wẹ́ á sì hàn gbangba nínú àkọlé. Gentium ń gbé àmì náà dáadáa.

Nínú àkójọ orin púpọ̀, \header inú \score kọ̀ọ̀kan kì í fi ju piece àti opus hàn, àfi tí a bá kọ print-all-headers = ##t. Ohun tí a bá kọ sí copyright ń jáde nísàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́. Gbólóhùn tó dárúkọ LilyPond nísàlẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn ni tagline, tagline = ##f ló sì ń yọ ọ́.