Ìbẹ̀rẹ̀ tàbí Ìpamọ́? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí History Begins at Sumer

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 1956 ni Samuel Noah Kramer ti Yunifásítì Pennsylvania tẹ ìwé tí a wá mọ̀ sí History Begins at Sumer jáde. Ohun àkọ́kọ́ 25 ni ó kà sílẹ̀ nínú rẹ̀, lára èyí tí ilé-ìwé àti òwe wà. Nínú ìtẹ̀jáde ti 1981, wọ́n ti di 39. Iṣẹ́ takuntakun ni, ó sì mú ìmọ̀ àti ẹ̀sìn Sumer dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Èrò wa nínú pépà yìí ni pé àkọlé àti ètò ìwé náà fi ìbẹ̀rẹ̀ bo ìpamọ́ mọ́lẹ̀.

2. Àwọn tó da wàláà kọ

Nippur, ìlú òrìṣà Enlil, ni ọ̀pọ̀ wàláà amọ̀ tí Kramer lò ti wá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé akọ̀wé ló dà wọ́n kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìdínlógún ṣáájú ìbí Kristi. Lásìkò náà, gẹ́gẹ́ bí èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀, èdè Sumer kì í ṣe èdè abínibí ẹnikẹ́ni mọ́. Akkad ni wọ́n ń sọ nílé. Akkad bá Hausa tan nínú ẹbí Afroasiatic, ṣùgbọ́n Sumer kò ní ìbátan kan tí a mọ̀. Akkad a máa yí fáwẹ́lì inú ọ̀rọ̀-ìṣe padà. Sumer a máa to àfòmọ́ mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ yìí ló sọ olùkọ́ di onímọ̀ ẹ̀dá-èdè: wọ́n ṣe àkójọ-ọ̀rọ̀ elédè méjì, wọ́n sì to ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe èdè méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Sumer kò ní ìbátan tí à bá fi tú u. Irú iṣẹ́ wọn yìí ni a fi ń kà á lónìí.

3. Èdè ìjọsìn

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú ẹ̀sìn. Inana wá ń jẹ́ Ishtar, Nanna ń jẹ́ Sin, síbẹ̀ wọn kò pa èdè Sumer tì nínú ìsìn. Emesal, ẹ̀ka-èdè tí àwọn òrìṣà obìnrin ń sọ nínú lítíréṣọ̀, ni àwọn àlùfáà tí à ń pè ní gala fi ń kọ orin arò. Wọ́n ṣì ń da arò wọ̀nyí kọ ní Bábílónì ní ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Kristi, ìtumọ̀ Akkad sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ìlà wọn.

4. Ohun tí àkọsílẹ̀ kò gbà là

Ṣùgbọ́n kí a má yin àwọn akọ̀wé náà kọjá ààlà. Etí Akkad ni a fi ń gbọ́ Sumer. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dàbí ẹni pé ìpè wọn kò yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ kan ti dábàá pé ohùn ló pín wọn níyà, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ náà kò fi ohùn hàn, kò sì sí ẹlẹ́nu tí a lè bi.

5. Ìgúnlẹ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá nìyí. Ọ̀pọ̀ èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló jẹ́ olóhùn, ọ̀pọ̀ ìwé tí a sì ń fi wọ́n kọ ni kò ní àmì ohùn. Bí a bá fẹ́ kí ẹni tí kò gbọ́ wọn rí lè kà wọ́n, àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kramer kọ́ wa láti béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣe nǹkan. Ìbéèrè tó kù ni pé: ta ni ó pa á mọ́, kí ni ó sì jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?