Kábúrétọ̀ Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́ àti Afẹ́fẹ́ Orí Òkè

Bí ọkọ̀ bá ṣe ń gun òkè ni afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fà sínú ń fẹ́lẹ́ sí i. Ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, tó fi mítà 1609 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, ìki afẹ́fẹ́ ti fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 dín sí ti etíkun. Ní góńgó òkè Pikes Peak, ní mítà 4302, ohun tó kù kò pé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọkọ̀ òde òní ní ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ yìí tó sì ń dín epo kù fúnra rẹ̀. MGB, Jaguar E-Type, Lotus Elan, Alfa Romeo Giulia àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó jáde ní nǹkan bí ọdún 1960 kò ní in. Kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún wọn, bí wọ́n bá sì ṣe tò ó sí etíkun náà ni yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ lórí òkè.

Iṣẹ́ kábúrétọ̀ dúró lórí ìyàtọ̀ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀fun tóóró kan kọjá lọ sínú ẹ́ńjìnnì, bó sì ṣe ń sáré gba ibẹ̀ ni ìtẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Epo inú abọ́ kábúrétọ̀ wà lábẹ́ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ìta, ìtẹ̀ ìta yìí ló ń ti epo gba ojú jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò kékeré tí epo ń gbà, wọ inú ọ̀fun náà. Lórí òkè, bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí bó ṣe ń yí ní ìsàlẹ̀, àyè tí afẹ́fẹ́ tó ń gbé mì ń gbà kò yí padà, ṣùgbọ́n ìwúwo afẹ́fẹ́ náà ti dín. Epo náà ń dín, àmọ́ kì í dín tó afẹ́fẹ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fi ìdá 15 dín ní Denver, epo kò ní dín ju bí ìdá 7 àbọ̀ lọ. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni àpọ̀jù epo tí àwọn awakọ̀ ń ráhùn nípa rẹ̀.

Kílò epo bẹntiróòlù kan nílò nǹkan bí kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kí ó tó lè jó tán láìṣẹ́kù. Bí awakọ̀ bá ń wá agbára tó pọ̀ jù lọ, 12.5 sí 13 ló dára. Kábúrétọ̀ tí wọ́n tò sí 13 ní etíkun á máa fún ẹ́ńjìnnì ní nǹkan bí 12 ní Denver, á sì ti sún mọ́ 11 ní mítà 3195. Níbẹ̀, púlọ́ọ̀gì á dúdú, sàláńsà á máa tú èéfín dúdú, ẹ́ńjìnnì á máa kọ́sẹ̀ bí ọkọ̀ bá dúró, epo tí kò jó á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Ìpalára ìkẹyìn yìí ló burú jù nínú gbogbo wọn, òun sì ni ojú kì í rí.

Ó yẹ kí a ya àdánù méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín, nítorí pé dídà wọ́n pọ̀ ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì jẹ́. Àdánù kìíní ni ti afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀: nínú gbogbo mítà 300 tí ọkọ̀ bá gùn, nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 agbára ẹ́ńjìnnì ń lọ. Kò sí jẹ́ẹ̀tì tó lè dá a padà, àfi ẹ̀rọ tó bá ń fi agbára ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Àdánù kejì ni ti àpọ̀jù epo, èyí nìkan sì ni títò kábúrétọ̀ lè wò sàn. Mẹkáníìkì tó bá ń lépa agbára etíkun lórí òkè á máa yọ epo títí epo kò fi ní tó ẹ́ńjìnnì mọ́.

Ìdíje Carrera Panamericana, tí wọ́n sá ní Mẹ́síkò láti ọdún 1950 sí 1954, fi ìṣòro náà hàn ní kedere ju ibòmíràn lọ. Ojú ọ̀nà rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí mítà 100, ó sì ń gòkè dé mítà 3195. Ní 1952, àwọn awakọ̀ gbéra láti Tuxtla Gutiérrez, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí agbègbè Tehuantepec nítòsí òkun, wọ́n sì tún gùn lọ sí Oaxaca, tó ga ju mítà 1500 lọ, gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Wọ́n lè pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì níbi ìsinmi, ṣùgbọ́n kò sí jẹ́ẹ̀tì kan tó lè bá gbogbo ibi tí wọ́n gbà lọ́jọ́ yẹn mu. Ẹni tó gbọ́n nínú wọn ní láti yan èyí tí epo rẹ̀ yóò tó ní ibi tó rẹlẹ̀ jù, kó sì fara da àpọ̀jù epo ní ibi gíga. Mercedes-Benz 300 SL tí Karl Kling àti Hans Klenk fi borí lọ́dún náà gbé kábúrétọ̀ Solex mẹ́ta. Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi kọ kábúrétọ̀ sílẹ̀ fún irú ọkọ̀ yìí: 300 SL tí wọ́n ń tà fún aráàlú láti 1954 ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, nígbà tí 230 SL sì jáde ní 1963, pọ́ńpù epo rẹ̀ ní àpò kékeré kan tó ń mọ ìyípadà ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tó sì ń dín epo kù.

Lára àwọn kábúrétọ̀ tó kù sí ìdí ọkọ̀ asáré, ti Weber, tí Edoardo Weber dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bologna ní 1923, ló gba ìṣirò jù. Nọ́ḿbà tó wà lára jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó: 120 jẹ́ mìlímítà 1.20. Kí epo lè dín ní ìwọ̀n tó bá Denver mu, 120 á di 115. Fún mítà 3195, á di 110. Ìṣirò yìí rọrùn, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Wọ́n á pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì ńlá, wọ́n á sì fi jẹ́ẹ̀tì kékeré sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ jẹ́ẹ̀tì kékeré yìí ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró àti nígbà tó bá ń rìn jẹ́jẹ́. Lotus Elan tàbí Alfa Romeo GTA tí wọ́n bá tò báyìí á máa fò dáadáa lójú ọ̀nà gbọọrọ, á sì máa kọ́sẹ̀ láàárín ìlú, níbi tí ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń lo ọjọ́ wọn.

Kábúrétọ̀ SU, tí ìdílé Skinner ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàtọ̀ sí ti Weber. Nínú rẹ̀, písítìn kan ń gòkè bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tó, ó sì ń fa abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín sísàlẹ̀ jáde kúrò lẹ́nu jẹ́ẹ̀tì. MGB ní méjì irú rẹ̀, E-Type ní mẹ́ta. Nítorí pé písítìn yìí ń rìn fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ olùfẹ́ ọkọ̀ gbà pé SU máa ń tún ara rẹ̀ ṣe lórí òkè. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìyàtọ̀ ìtẹ̀ ni písítìn ń mọ̀, kò mọ ìwúwo. Lórí òkè á rẹlẹ̀ díẹ̀, epo á sì dín díẹ̀, àmọ́ àpọ̀jù epo tó máa ṣẹ́kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti kábúrétọ̀ yòókù. Ohun tí SU fi dára jù ni pé ó rọrùn láti tò: nọ́ọ̀tì onígun mẹ́fà kan wà lábẹ́ jẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá yí i sókè, epo á dín. Wọ́n á wá gbé písítìn sókè díẹ̀, bíi mìlímítà 0.8, wọ́n á sì tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Bí ìyípo rẹ̀ bá yára sí i tó sì dúró bẹ́ẹ̀, epo pọ̀ jù. Bó bá fẹ́ kú, epo kò tó. Bó bá yára fún ìṣẹ́jú àáyá kan tó sì padà, ó ti pé.

Síbẹ̀ nọ́ọ̀tì yìí ní ààlà rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ni kì í sì í tẹnu mọ́ ọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, àyè tó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti jẹ́ẹ̀tì kéré gan-an, yíyí nọ́ọ̀tì díẹ̀ á sì yọ ìdá ńlá nínú epo. Nígbà tí písítìn bá ti gòkè tán, àyè náà ti fẹ̀, ìyípo kan náà kò sì ní yọ ju ìdá kékeré lọ. Ọkọ̀ tó gba nọ́ọ̀tì nìkan lè dún dáadáa nínú ọgbà kó sì máa tú èéfín dúdú lójú òkè. Fún ọkọ̀ tó ń gbé orí òkè, abẹ́rẹ́ ni kí wọ́n pààrọ̀. Ìwé àtúnṣe MGB pàápàá to abẹ́rẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó wà déédéé, èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo púpọ̀, àti èyí tó ń dín in kù.

Kábúrétọ̀ Holley, tó wà lórí ọ̀pọ̀ Cobra àti Corvette, ní ìṣòro tirẹ̀. Fáàfù kan nínú rẹ̀ ń ṣí fún àfikún epo bí agbára ìfà inú ẹ́ńjìnnì bá lọ sílẹ̀. Agbára ìfà yìí sì ń fi nǹkan bí ínǹṣì mẹ́kúrì kan dín nínú gbogbo mítà 300. Ẹ́ńjìnnì tó ń fi 18 hàn ní etíkun á máa fi nǹkan bí 13 hàn ní Denver, fáàfù náà sì lè ṣí nígbà tí kò yẹ. Àsìkò iná púlọ́ọ̀gì náà nílò àtúnṣe: afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ kì í jẹ́ kí epo tètè jó, nítorí náà iná gbọ́dọ̀ tètè ta díẹ̀. Bẹntiróòlù náà ń tètè hó níbi tí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ bá ti lọ sílẹ̀, páìpù epo kò sì yẹ kó sún mọ́ ibi gbígbóná.

Ewu tó tóbi jù wà ní ìsọ̀kalẹ̀. Àpọ̀jù epo lórí òkè ń fi epo àti agbára ṣòfò, ó sì ń jẹ ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n yọ epo rẹ̀ fún mítà 3000, tó wá sáré ní etíkun, lè jó orí písítìn láàárín ìrìn àjò kan. Epo tí wọ́n rà lórí òkè náà lè dá kún un: ní Colorado, ọ́kítéènì 85 ni bẹntiróòlù tó wọ́pọ̀, nígbà tó jẹ́ 87 ní ọ̀pọ̀ ibi yòókù ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tó fi òkè ṣe ilé yẹ fún abẹ́rẹ́ tàbí jẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Èyí tó kàn kọjá lọ, kí ẹni tó ni ín fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò ó sí ìsàlẹ̀. Bó bá sì fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì, kó kọ iye ìyípo rẹ̀ sílẹ̀, kó sì dá a padà kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.