Abẹ́rẹ́ Hòmóònù àti Ìbísí Màlúù: Àríwísí lórí Bí a Ṣe Ń Ka Èrè

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni lílo hòmóònù láti mú kí ọ̀pọ̀ abo màlúù ẹlẹ́ran wá akọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a lè fi ọwọ́ gbin àtọ̀ sí wọn nínú. A kò lòdì sí ọgbọ́n náà. Ọ̀nà tí a ń gbà ka èrè rẹ̀ ni a ń ta kò.

Ọgbọ́n náà ní ìdí. Nǹkan bí ọjọ́ 21 sí ara wọn ni abo màlúù ń wá akọ. Ní ti màlúù funfun tí àwọn Fúlàní ń sìn, àsìkò yìí kì í pẹ́, ó sì sábà máa ń bọ́ sí òru, tí darandaran kò fi ní fura. Prostaglandin a máa pa kókó orí àpò ẹyin tí kì í jẹ́ kí ẹyin tuntun jábọ́. Láàárín ọjọ́ 2 sí 5, màlúù náà yóò wá akọ. Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ní Wisconsin, Amẹ́ríkà, gbé ètò Ovsynch jáde, nínú èyí tí a kò tilẹ̀ ní ṣọ́ màlúù mọ́ kí a tó gbin àtọ̀. Ṣùgbọ́n màlúù oníwàrà tí oúnjẹ kì í wọ́n níwájú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ètò náà fún.

Níbí ni ìṣòro wà. Bí kò bá sí kókó lórí àpò ẹyin, kí ni prostaglandin yóò pa? Màlúù tí ọmọ ń mu ọyàn rẹ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ti mú kí egungun ìhà rẹ̀ yọ, àpò ẹyin rẹ̀ a máa sùn. Ohun èlò tí ń tú progesterone jáde, tí a ń fi sí ojú ara màlúù, lè jí àwọn kan nínú wọn. Kò lè bọ́ wọn yó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ àfinúrò ṣe àlàyé. Bí a bá gún màlúù 100 ní abẹ́rẹ́, tí 60 wá akọ, tí 30 sì lóyún, ẹni tí ó pín 30 sí 60 yóò kọ ìdá 50 nínú 100. Ẹni tí ó pín in sí 100 yóò kọ ìdá 30. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n orí màlúù 100 ni olówó san owó lé, ìtàn 40 tí a yọ sọ nù gan-an ni ó sì yẹ kí ó gbọ́.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí Brasil, níbi tí a ti ń fi hòmóònù gbin àtọ̀ sí àìlóǹkà màlúù Nelore, tí òun náà ní iké bí tiwa. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n pápá tí a gbin koríko sí, tí a sì mọ ọgbà yí ká, kò ṣe é yọ kúrò nínú àṣeyọrí wọn.

Ẹni tí ó bá ń ra ẹran ní Ṣàngó ní Ìbàdàn mọ̀ pé láti Òkè Ọya ni a ti ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú màlúù tí a ń pa wá. Bí àgbẹ̀ wa kan bá ta ẹgbọ̀rọ̀ màlúù kan láti san owó abẹ́rẹ́ fún ìyókù, ọmọ màlúù ni ó ń retí, kì í ṣe ìwé ìròyìn.

Nítorí náà, èrò wa ni pé kí gbogbo iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: iye màlúù tí a gún lábẹ́rẹ́, bí ara wọn ti rí ní ọjọ́ náà, àti iye ọmọ tí wọ́n bí láàyè.