Ojú Ẹyẹ ni Wọ́n Fi Wo Dígí

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn kan ṣe ní Yunifásítì Duke, ní North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó wú mi lórí púpọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ èwo nínú àwọn ilé ọgbà náà ni ẹyẹ ń forí sọ jù, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ní ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé ọdún 2014, àti ní ìgbà ìrúwé 2015, wọ́n ń wá òkú ẹyẹ lẹ́sẹ̀ ògiri ilé mẹ́fà, ọjọ́ 21 gbáko ní sáà kọ̀ọ̀kan, láìyẹ ọjọ́ kan.

Ẹni tí kò mọ̀ lè ní kí ni ọgbọ́n tó wà nínú kí èèyàn máa ṣa òkú ẹyẹ. Ọgbọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ológbò a máa gbé òkú ẹyẹ lọ, ẹni tó ń gbálẹ̀ a sì máa gbá a dànù. Bí olùwá bá pẹ́ dé, ilẹ̀ á ti mọ́ tónítóní, ilé apẹyẹ á wá jọ ilé aláìṣẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ náà a tún máa wo ara dígí fúnra rẹ̀, bóyá ìyẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí bóyá eruku ara ẹyẹ ti ya àpá apá méjèèjì síbẹ̀.

Wọn ò kàn mú ilé mẹ́fà náà bákan ṣá. Ńlá wà níbẹ̀, kékeré wà níbẹ̀, wọ́n sì wọn bí dígí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó àti ohun tó yí i ká. Fitzpatrick, tí dígí rẹ̀ pọ̀ jù, ni ẹyẹ kọ lù jù. Schwartz àti Perk, tí wọ́n kéré tí dígí wọn ò sì tó nǹkan, wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Títí débí, ọmọdé lè méfò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Penn ńkọ́? Dígí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ara ilé yẹn, síbẹ̀ ẹyẹ méjì péré ni wọ́n rí tó kọ lù ú. Òun nìkan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni dígí rẹ̀ ní àmì tí ẹyẹ ń rí. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ó hàn gbangba pé dígí lásán kọ́ ló ń pa ẹyẹ. Dígí tó ṣófo ni.

Ẹyẹ kò mọ dígí. Igi tó hàn lára rẹ̀, igi tòótọ́ ni lójú ẹyẹ. Igun tí dígí méjì ti pàdé, tí èèyàn ti ń rí òdìkejì, ọ̀nà ni. Daniel Klem, onímọ̀ ẹyẹ ní Muhlenberg College ní Pennsylvania, ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1970. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fojú bù ú pé láàárín mílíọ̀nù 365 sí 988 ni ẹyẹ tí dígí ilé ń pa lọ́dún kan ní Amẹ́ríkà nìkan. Ó dùn mí pé àwòrán àṣá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Ẹyẹ á yẹ àṣá bébà sílẹ̀, á sì forí sọ dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nínú àlàfo àárín àmì kan sí èkejì ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ó gbọ́dọ̀ há débi tí ẹyẹ á fi gbà pé ara òun kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí ìlà bá dúró ṣánṣán, kí àárín wọn má ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ; bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, kó má ju 5 lọ. Ní báyìí, 5 níbùú lóròó ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń dámọ̀ràn, nítorí àwọn ẹyẹ tíńtínní tó ń mu oje òdòdó. Ìta ni wọ́n sì ń lẹ àmì náà sí, torí bó bá wà nínú, òjìji igi àti ti sánmà lè bò ó mọ́lẹ̀.

Irú àmì kan wà tó jẹ́ roboto kéékèèké, tí wọ́n tò sára téèpù gígùn. Òṣìṣẹ́ á fọ dígí, á nù ún gbẹ, á tẹ téèpù mọ́ ọn, á fi ọwọ́ rà á dáadáa, á wá ṣí téèpù kúrò jẹ́jẹ́ kí àmì nìkan ṣẹ́kù. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá èkejì dọ́gba, bí ìgbà tí aládìrẹ ẹlẹ́kọ bá ń pín aṣọ sí ojú-ojú kó tó ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ. Bí òṣìṣẹ́ bá fo ibì kan lára dígí, ó ti ṣí ilẹ̀kùn ikú sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní Duke, ìgbìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ sí ìpinnu kan lórí ọ̀rọ̀ náà, ìròyìn gbé e, àwọn aláṣẹ sì ní kí wọ́n lẹ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ alámì mọ́ dígí. Kò sí àríyànjiyàn nípa ilé tó yẹ kó kọ́kọ́ kàn. Òkú tí wọ́n ti kà lẹ́sẹ̀ ògiri ló tọ́ka sí Fitzpatrick, òun náà ni wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́.