Ibi Tí Ó Tọ́ Kí Gbohùngbohùn Gìtá Wà

Bí ọmọdé bá dúró ní ẹsẹ̀ àpáta ńlá tí ó sì ké, àpáta a dá a lóhùn. Bí àpáta náà bá jìnnà sí i ní mítà 17, ìdáhùn yóò dé lẹ́yìn ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí pé nǹkan bí mítà 340 ni ohùn ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì gbọ́dọ̀ lọ kí ó tó bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ètò tí ìṣẹ̀dá tẹ̀ lé níhìn-ín. Ọ̀fun ni ó kọ́kọ́ mú ohùn jáde, ìbáà ha bí ti ẹni tí ó ti pariwo títí, ìbáà já gaara. Lẹ́yìn náà ni àpáta tó gbà á tí ó sì dá a padà. Àpáta kì í wọ inú ọ̀fun ẹni.

Lórí ètò yìí ni àwọn onígìtá oníná gbé òfin kan kà, tí wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ títí di òní. Ẹ̀rọ méjì ni òfin náà wà fún. Èkíní ni delay, tí ó máa ń tún ohùn gìtá sọ bí gbohùngbohùn. Èkejì ni reverb, tí ó máa ń mú kí ohùn fà, àfi bí ẹni pé inú ilé ńlá tí ó ṣófo ni a ti ń ta gìtá ọ̀hún. Ańpílífáyà náà sì ní apá méjì: apá ìṣáájú, tí ó ń tún adùn ohùn ṣe, tí ó sì lè mú un ha, àti apá agbára, tí ó ń ti ohùn lọ sí sípíkà. Láàárín apá méjèèjì, ihò kan wà tí ohùn ń gbà jáde, òmíràn sì wà tí ó ń gbà padà wọlé. Effects loop ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Èmi yóò pè é ní ọ̀nà àárín. Òfin náà wí pé ọ̀nà àárín ni kí a fi ẹ̀rọ méjèèjì sí, kí delay ṣíwájú, kí reverb sì kẹ́yìn.

Ní òdodo, òfin náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ká ní agbára ohùn àkọ́kọ́ jẹ́ 10, tí gbohùngbohùn rẹ̀ jẹ́ 5, tí èyí tí ó tẹ̀ lé e sì jẹ́ 2.5. Ańpílífáyà tí ń mú ohùn ha a máa gé orí ohunkóhun tí ó bá ga ju òrùlé rẹ̀ lọ. Ká ní òrùlé náà jẹ́ 3. Bí delay bá wà níwájú rẹ̀, 10 yóò di 3, 5 náà yóò di 3, 2.5 yóò sì wà bí ó ti wà. Ọmọ ga tó bàbá, ọmọ-ọmọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn dọ́gba. Ó ṣòro láti mọ èwo ni ohùn, èwo sì ni gbohùngbohùn. Ṣùgbọ́n bí delay bá wà lẹ́yìn, 3 ni yóò bá, yóò dá 1.5 padà, lẹ́yìn náà 0.75, gbohùngbohùn yóò sì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ bí ti àpáta.

Àbùkù ibẹ̀ ni pé a ti sọ ìmọ̀ràn di èèwọ̀. Lọ́nà kìíní, asán ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí èyí tí yóò ṣíwájú nínú delay àti reverb. Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ń ṣe iṣẹ́ wọn láìmú ohùn ha, tí wọn kò sì ń yí ìṣe wọn padà bí orin ti ń lọ, ohun kan náà ni yóò jáde níkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí 2 lọ́nà 3 kò ti yàtọ̀ sí 3 lọ́nà 2. Ìyàtọ̀ a máa wà bí delay bá jẹ́ ti téèpù àtijọ́, tí téèpù ọ̀hún fúnra rẹ̀ ń mú ohùn ha díẹ̀. Lọ́nà kejì, kì í ṣe gbogbo ańpílífáyà ni ó ń mú ohùn ha ní apá ìṣáájú. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé apá agbára ni ohùn rẹ̀ ti ń ha, nígbà tí a bá ṣí i dé òpin. Ẹni tí ó fi delay sí ọ̀nà àárín irú èyí rò pé òun ti kọjá odò, bẹ́ẹ̀ etí odò ni ó ṣì wà.

Ẹ jẹ́ kí a pe ẹlẹ́rìí. Ní 1961, ilé-iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà gbé àpótí reverb onísípíríìn kan jáde, èyí tí a ń fi sí iwájú ańpílífáyà. Ní 1963, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Vibroverb jáde, tí sípíríìn rẹ̀ wà nínú ańpílífáyà gan-an, ṣáájú apá agbára. Síbẹ̀ àwọn olórin surf ní California kò kọ àpótí ti iwájú sílẹ̀, nítorí pé ohùn rẹ̀ a máa kán tó, tó, tó bí omi, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì ń fẹ́.

Ẹlẹ́rìí kejì ni Edward Van Halen, nínú “Eruption” tí ó jáde ní 1978. Ańpílífáyà Marshall tí ó lò kò ní ọ̀nà àárín rárá. Iwájú ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ wà. Ní ìparí orin náà, à ń gbọ́ bí ohùn àti gbohùngbohùn ti ń du ọ̀fun kan ṣoṣo mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n reverb tí ó gbé gìtá náà sínú gbọ̀ngàn ńlá, ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni a ti fi kún un, lẹ́yìn tí ohùn ti kúrò nínú sípíkà. Nínú orin kan ṣoṣo, ó rú òfin, ó sì pa á mọ́ ju bí àwọn olófin ti ń pa á mọ́ lọ. Ta ni yóò wí pé ó ṣì í ṣe?

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí olórin kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kì í ṣe “Níbo ni kí n fi delay sí?” bí kò ṣe “Níbo ni ohùn mi ti ń ha?” Bí kò bá ha níbì kankan, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ gìtá jùjú wa, ibi tí ó bá wù ú ni kí ó fi í sí, kí ó sì lo ìyókù àkókò rẹ̀ láti kọ́ ọwọ́, nítorí ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwọ̀n ni kí irú olórin bẹ́ẹ̀ ṣọ́. Àwa tí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ń ya ọ̀rọ̀ wa sọ́tọ̀ mọ̀ pé bí dùndún bá ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn tí ó ń hó, ìró tí ó ti kọjá a máa bo èyí tí ń bọ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá tí ń fọhùn bí ènìyàn.

Bí ohùn rẹ̀ bá sì ń ha, kí ó yàn: ṣé àpáta ni ó fẹ́ kí ó dá òun lóhùn, àbí ọ̀fun òun gan-an ni kí ó máa kólòlò? Méjèèjì dára fún ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀. Kí àwa lámèyítọ́ pẹ̀lú má ṣe ka àbùkù sí orin lọ́rùn nítorí pé wáyà rẹ̀ kò bá àwòrán inú ìwé mu. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn delay ni kí etí wa kọ́kọ́ wádìí, kí a tó dájọ́.