Ààrẹ Méjì Nínú Atọ́ka Kan: Àyẹ̀wò ptx àti makeindex

Ẹni tí ó bá ka The History of the Yorubas, ìwé Samuel Johnson tí ó jáde ní 1921, yóò máa bá “Ààrẹ” pàdé. Nínú ìtàn ogun Ìjàyè (1860 sí 1862), Kúrunmí, ọ̀tá Ìbàdàn, ni. Nígbà tí ìtàn bá kan ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Látòósà, olórí Ìbàdàn gan-an, ni. Oyè kan náà ni àwọn méjèèjì jẹ: Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò.

Bí wọ́n bá wá tẹ ìwé náà sínú fáìlì kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì fi àṣẹ ìlà kan ní kí ptx, irinṣẹ́ Unix, ṣe atọ́ka rẹ̀, kíá ni iṣẹ́ yóò parí. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni ptx máa ń tò, tòun ti ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni ó mọ̀, kò mọ ènìyàn. Yóò kó Kúrunmí àti Látòósà sábẹ́ “Ààrẹ” bí ọmọ ìyá. (Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan lè bá wọn jókòó.) Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́kàn lé irú atọ́ka bẹ́ẹ̀ lè kọ ọ́ pé Látòósà ni ó gbèjà Ìjàyè.

Ó tún ń ya ohun tí ó jẹ́ ọ̀kan. Ọjà Ìbà, tí wọ́n fi oyè Olúyọ̀lé pè, ni Ọjà'ba òní. Ẹni tí ó bá ń wá Ọjà'ba nínú atọ́ka yóò pàdánù Olúyọ̀lé lára ọjà ẹsẹ̀ òkè Màpó.

Makeindex, tí wọ́n ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1980, sàn jù, nítorí pé kì í dá pinnu. Akójọ-atọ́ka ni yóò kọ́kọ́ sàmì sí ojú-ewé, tí yóò sì fi “see” darí òǹkàwé láti Ọjà'ba lọ sí Ọjà Ìbà. Iṣẹ́ ẹni tí ó mọ ìlú nìyẹn. Àléébù rẹ̀ wà lára álífábẹ́ẹ̀tì: kò mọ̀ pé gb jẹ́ lẹ́tà kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò gbé ọ jìnnà sí o. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tẹ ẹ́ kò sì mọ ní ẹyọ kan. Bí ẹni méjì bá tẹ orúkọ Ẹfúnṣetán ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Ìyálóde kan yóò di méjì nínú atọ́ka, ojú kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan.