Ta Ni Elégbè? Ipò Òǹwòran nínú Eré Onírúurú ní Ìgbà Ìbẹ̀rẹ̀ Amóhùnmáwòrán

Ní òru ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ènìyàn bá dúró sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ńlá tí ó wà ní Redemption Camp, ní ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nǹkan méjì ni yóò máa wò lẹ́ẹ̀kan náà. Èkínní ni pẹpẹ, tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ kò ju ọmọ ayò lọ lójú. Èkejì ni àwọn amóhùnmáwòrán gbàǹgbà tí wọ́n gbé kọ́ káàkiri, níbi tí ojú ẹni kan náà ti fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Àwọn akọrin a lé orin, ogunlọ́gọ̀ a gbè é. Kámẹ́rà a yí kúrò lára àwọn tí ń lé, a bọ́ sára àwọn tí ń gbè, àwọn tí ó sì wà nílé wọn tí wọ́n ń wò ó lórí Dove TV a rí orin náà tòun tègbè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni iṣẹ́ yìí fẹ́ sọ. Ibi tí kámẹ́rà dúró sí ni ó gba àfiyèsí wa: kámẹ́rà ni ó wá bá èrò níbi tí èrò wà.

Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ ibi tí kámẹ́rà dúró sí yìí ni àwa lámèyítọ́ eré Yorùbá orí amóhùnmáwòrán kò tíì fún ní àyè tó. A máa ń sọ pé amóhùnmáwòrán sọ àwọn òṣèré wa di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, pé ó gbé eré wọn dé ibi tí ọkọ̀ wọn kò lè dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kì í béèrè ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wọn kí ó tó fún wọn ní èyí. Ohun tí ó gbà náà ni elégbè. Láti fi èyí hàn, a ó wo eré onírúurú, ìyẹn eré tí orin, ijó, àwàdà àti idán ti ń tẹ̀lé ara wọn lórí ìtàgé kan náà láìjẹ́ pé ìtàn kan ṣoṣo so wọ́n pọ̀. A ó wò ó ní London, níbi tí amóhùnmáwòrán ti gbé e sáfẹ́fẹ́ lójú-ẹsẹ̀, kí a tó wò ó ní Ìbàdàn.

Láti Alexandra Palace dé Palladium

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, ọdún 1936, ilé-iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amóhùnmáwòrán láti Alexandra Palace ní London. Eré onírúurú wà lára ohun tí wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Adele Dixon kọrin. Àwọn Lai Founs, ará China, fi ọwọ́ dárà. Buck and Bubbles, aláwọ̀ dúdú méjì láti Amẹ́ríkà, jó, wọ́n sì tẹ dùùrù. Irú àwọn òṣèré báyìí ti pẹ́ lórí ìtàgé, níbi tí èrò ti ń pariwo, tí ń fi òṣèré ṣe yẹ̀yẹ́, tí ń bá a kọrin. Aláwàdà tí ó dá àpárá lórí irú ìtàgé bẹ́ẹ̀ mọ bí ó ti yẹ kí ó dákẹ́ pẹ́ tó kí ó tó sọ òmíràn. Ẹ̀rín èrò ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Nínú sitúdíò, níbi tí ó ti jẹ́ pé iná gbígbóná àti àwọn òṣìṣẹ́ kámẹ́rà ni ó dojú kọ ọ́, òṣùwọ̀n náà sọnù.

Ogun dá iṣẹ́ náà dúró láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, 1939, títí di oṣù Kẹfà, 1946. Lẹ́yìn èyí, ó dà bí ẹni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí ohun tí ó sọnù. Ní 1953, BBC ra Shepherd's Bush Empire, tí ó jẹ́ ilé eré onírúurú láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìgbésáfẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, 1955, ìkànnì aládàáni, ITV, bẹ̀rẹ̀ Sunday Night at the London Palladium. Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣòro lóye: wọ́n kó kámẹ́rà wọ inú tíátà tí ìjókòó rẹ̀ ju 2,000 lọ, wọ́n jẹ́ kí èrò jókòó síbi tí wọ́n ti ń jókòó tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ sáfẹ́fẹ́.

Ẹ̀rí bí èyí ti lágbára tó yọ ní oṣù Kejìlá, 1961. Àwọn òṣèré daṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣeré. Bruce Forsyth, tí ó jẹ́ atọ́kùn ètò náà, àti Norman Wisdom, aláwàdà, ni àwọn méjì péré tí wọ́n gbé gbogbo ètò alẹ́ ọjọ́ náà dé òpin. Àwọn òpìtàn Gẹ̀ẹ́sì ń yin àwọn ọkùnrin méjì yìí, ìyìn náà sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n méjì kọ́ ni wọ́n. Ẹni kẹta wà ní ìjókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Ẹ gbé àwọn méjì kan náà sínú sitúdíò Alexandra Palace ní 1936, kí a wá wò ó bóyá wọn yóò lè gbé e dé ìdajì.

Agodí, 1959

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Palladium bẹ̀rẹ̀ ni WNTV, tí ó padà di NTA Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodí. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí a ti dé ibẹ̀. Ní 1953, Gómìnà Macpherson sọ̀rọ̀ sí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lórí rédíò. Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì, wọn kò fún un. Ara ohun tí ó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pinnu láti ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ó jẹ́ ohun ìyanu fún mi pé ilé-iṣẹ́ tí ìbínú àìlèfèsì bí ni ó wá gbé eré Yorùbá sí ibi tí òǹwòran kò ti lè fèsì.

Nítorí eré onírúurú kì í ṣe àjèjì sí àwọn òṣèré wa. Hubert Ògúnǹdé, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, lọ sí London ní 1947. Ẹ̀bùn Clark, nínú ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀, sọ pé ó kọ́ ijó àwọn òyìnbó níbẹ̀. Nígbà tí ó di 1950, ó ti ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ogunde Concert Party, orúkọ tí ó ti ìtàgé àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ilé kò ti London wá. Alárìnjó ti ń pa idán pọ̀ mọ́ ijó, ẹ̀fẹ̀ àti oríkì ní agbo kan náà kí òyìnbó tó dé. Orin ìbẹ̀rẹ̀, ìjúbà, eré gan-an, orin ìparí: bí àwọn òṣèré arìnrìnàjò ti ń tò ó nìyí, òǹwòran sì mọ ibi tí ohùn tirẹ̀ ti yẹ kí ó wọlé. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Karin Barber, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2000 lórí ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí, fi hàn pé ojú àwọn òǹwòran ni eré wọn ti ń dàgbà láti ìrọ̀lẹ́ kan sí èkejì: ibi tí èrò bá ti hó ni òṣèré yóò ti fẹ̀ sí i.

Nínú sitúdíò, aago ni ó ń sọ ìgbà tí eré yóò parí, kì í ṣe èrò. Èyí tí ó tún dun ni ju èyí lọ ni pé elégbè wà, òṣèré ni kò gbọ́ ọ. Ẹni tí ó ní amóhùnmáwòrán kò pọ̀ nígbà náà; ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń kóra jọ sí pálọ̀ ẹni tí ó ní in, tí àwọn ọmọdé sì ń yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbe orin, wọ́n ń bú ọ̀dàlẹ̀ inú eré. Ariwo wọn kò dé Agodí.

Kí ni òṣèré wá ṣe? Ibí yìí ni mo ti rò pé Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tí WNTV sọ di gbajúmọ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, ju bí a ti ń kà á sí lọ. Ìtàgé olórin ni ó ti wá: Sunny Adé ta gìtá nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ ohun tí elégbè jẹ́. Ẹ wo bí àwọn tí ó yí i ká nínú eré ti máa ń yanu, tí wọ́n ń wo ara wọn, tí wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ tí ó sọ sọ. Èmi kà wọ́n sí èrò tí ó gbé wọ inú sitúdíò. Aago ńlá tí ó máa ń gbé kọ́ ara náà, a lè kà á sí yẹ̀yẹ́ lásán. Ó wù mí láti kà á sí ẹ̀fẹ̀ sí aago sitúdíò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè búra pé ohun tí ó ní lọ́kàn nìyẹn. Ọgbọ́n Adéjọbí nínú Kóòtù Aṣípa, nígbà tí ó yá, ṣe kedere ju èyí lọ: kóòtù ìbílẹ̀ kò lè wà láìsí àwọn tí ó wá gbọ́ ẹjọ́, nítorí náà eré fúnra rẹ̀ ni ó pèsè òǹwòran tirẹ̀.

Síbẹ̀, ọgbọ́n yìí kò dí gbogbo àlàfo. Elégbè tí a sanwó fún kò lè kọ̀. Ní 1961, Dúró Ládípọ̀ gbé orin Àjíǹde tí ó ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, ó fi ìlù Yorùbá sí i, àwọn ará ìjọ sì kọ̀ ọ́. Kíkọ̀ yẹn wà lára ohun tí ó tì í lọ sí Mbárí Mbáyọ̀ àti sí Ọba Kò So ní 1963. (Ẹni tí ó bá gbọ́ ìlù ní Redemption Camp lónìí yóò rí i pé ìjà yẹn ti parí.) Sitúdíò wo ni ó lè kọ eré báyìí?

Ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Ohun tí ó mú kí èyí jẹ àwa olùkọ́ lógún ni pé eré tí a gbé sáfẹ́fẹ́ lójú-ẹsẹ̀ láìgbà á sílẹ̀ kò ní ẹ̀dà kankan. Ìwé eré tí a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ẹ̀rín nínú, kò sì ní pálọ̀ nínú. Iyè àwọn tí ó jókòó ní pálọ̀ wọ̀nyẹn ni ó ṣẹ́kù, ẹni tí ó sì jẹ́ ọmọ ọdún 20 ní 1959 ti lé ní 80 báyìí. Kí olùkọ́ tí yóò kọ́ni ní eré orí amóhùnmáwòrán rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ bá irú àgbà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìwé kankan. Kí wọ́n má ṣe béèrè ìtàn eré náà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n béèrè ilé ẹni tí wọ́n ti wò ó, ẹni tí ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àti ohun tí ó sọ sí òṣèré nínú àpótí náà.